Másítà àti PhD lórí eré ìdárayá, ìgbafẹ́ àti àlàáfíà eléré: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ìbéèrè kan náà ni èèyàn mẹ́wàá máa ń bi mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Mo ṣe másítà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣe PhD lórí ẹ̀, mo sì ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ ka pùròpósà wọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣèwádìí ẹ̀. Òfin yunifásítì kan yàtọ̀ sí ti èkejì o, torí náà ẹ bi tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkankan.

Kí ni wọ́n ń ṣèwádìí ẹ̀ gan-an? Ṣé bọ́ọ̀lù nìkan ni?

Rárá o. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí, wọ́n sì ń wọnú ara wọn. Eré ìdárayá tó ní ìdíje wà níbẹ̀, tí ẹnìkan máa borí tí ẹnìkan máa fìdí rẹmi. Ìgbafẹ́ wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí èèyàn ń fara ṣe torí pé ó dùn mọ́ ọn, bíi rírìn, wíwẹ̀ lódò, gígun kẹ̀kẹ́, ijó, tí ẹnikẹ́ni ò ka góòlù. Lẹ́yìn náà ni àlàáfíà ẹni tó ń ṣeré: oorun ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀, ọkàn ẹ̀, egungun ẹ̀, owó tó ń wọlé fún un, àti ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣèṣe.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ní 1953, dókítà Jeremy Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dírẹ́bà jókòó látàárọ̀ dalẹ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn ń sọ̀ láti gbowó, bọ́ọ̀sì kan náà, ọ̀nà kan náà, àmọ́ àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Kò sí pápá níbẹ̀, kò sí bàtà eré, síbẹ̀ ara iṣẹ́ wa ni. Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé wọn ò dúró síbẹ̀. Ní 1956 wọ́n tún lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù àwọn èèyàn yìí, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn dírẹ́bà tóbi ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, àní láàárín àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ìyẹn ni pé ìjókòó nìkan ò lè dá gbogbo ẹ̀bi ọ̀hún rù. Ẹni tó bá lè yẹ èsì ara ẹ̀ wò báyẹn, òun ni mo ń pè ní olùwádìí.

Digírì mi àkọ́kọ́ ò jọ mọ́ eré ìdárayá rárá, ṣé wọ́n á gbà mí?

Lọ́pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí nọ́ọ̀sì, tíṣà, ẹni tó ka ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ajé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì lórí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ tàbí lórí ìṣirò.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín másítà àti PhD, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó?

Másítà sábà máa ń jẹ́ ọdún kan sí méjì, PhD ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ bá ń ṣe é láìṣe iṣẹ́ mìíì, á sì fẹ́ ẹ̀ tó ìlọ́po méjì tí ẹ bá ń dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ní másítà, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí. Ní PhD, wọ́n fẹ́ kí ẹ mú ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ wá, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tí ò dá lójú ara ẹ̀, kó ṣe másítà tó ní tíísíìsì (ìwé ńlá tí èèyàn fi ń ròyìn ìwádìí ẹ̀) nínú ná.

Tópíìkì mi ni "ìlera ọpọlọ àwọn eléré ìdárayá". Súpáfáísọ̀, olùkọ́ tó ń bójú tó ìwádìí mi, ní kí n lọ tún un ṣe. Kí ló burú níbẹ̀?

Kò burú, ó fẹ̀ jù ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì máa pòfo, tiyín ti tó ogún eku. Eléré wo? Ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ akádẹ́mì, ibi tí ẹgbẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré, àbí ẹni ọdún 35 tó fẹ́ fẹ̀yìn tì? Eré wo? Ẹni tó ń dá sáré àti ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mọ́kànlá, ìdààmú wọn ò lè rí bákan náà. Apá wo nínú ìlera ọpọlọ? Oorun ni, ìsoríkọ́ ni, àbí ìbẹ̀rù kí wọ́n má yọ èèyàn kúrò nínú ẹgbẹ́?

Ẹ máa gé e títí á fi wọnú gbólóhùn kan. Bí àpẹẹrẹ: "Ní gbogbo oṣù tí agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó ya iṣan orúnkún fi wà nílé, kí ni ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe tó jẹ́ kó mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ara wọn?" Tàbí: "Báwo ni oorun àwọn òmùwẹ̀ tó ń jí lọ sí odò kílẹ̀ tó mọ́ ṣe yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí wọn ò lọ?" Ẹ rí i pé èyíkéyìí nínú méjèèjì, a ti mọ ẹni tí a máa lọ bá, a sì ti mọ ohun tí a máa béèrè.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan ń ṣe é, àwọn kan ò ṣe é: kí ẹ tó ka ìwé ogójì, ẹ lọ jókòó ti eléré mẹ́ta kí ẹ bi wọ́n pé, tí ẹnìkan bá fẹ́ ṣèwádìí nípa ìgbésí ayé yín, kí lẹ máa fẹ́ kó wò? Ẹ má gba ohùn wọn sílẹ̀, kì í ṣe dátà, ẹ kàn tẹ́tí. Ohun tí wọ́n máa sọ máa yà yín lẹ́nu, kì í fẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé.

Ṣé wọ́n ka ìlera ọpọlọ eléré sí ẹ̀kọ́ gidi, àbí ó kàn gbòde ni?

Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ní 2019 ni Ìgbìmọ̀ Olympics Àgbáyé gbé ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí jáde nípa ìlera ọpọlọ àwọn eléré tó wà lókè pátápátá, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe SMHAT-1, ìwé àyẹ̀wò ìlera ọpọlọ tí dókítà ẹgbẹ́ ń fi yẹ eléré wò, ìbéèrè 10 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2021 ni Naomi Osaka tó ń gbá tẹníìsì yọ ara ẹ̀ kúrò nínú ìdíje French Open torí ìlera ọpọlọ ẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni Simone Biles tó ń ṣe jìmnásíìkì jáwọ́ nínú àṣekágbá ẹgbẹ́ ní Olympics Tokyo, torí pé tó bá fò sókè, kò mọ ibi tí ara ẹ̀ wà mọ́, nínú irú eré yẹn èèyàn lè kán lọ́rùn. Gbogbo ayé ló gbọ́ tiwọn.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí tíísíìsì yín dúró lórí gbajúmọ̀ méjì. Àwọn tí kámẹ́rà ò mọ̀ ló pọ̀ jù, àwọn tí wọn ò sanwó fún, tí wọ́n ṣèṣe tí ẹnikẹ́ni ò pè. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tí eré nìkan ni gbogbo ohun tó mọ ara ẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ti ní ìwọ̀n fún un láti 1993, AIMS ni wọ́n ń pè é, ó ń wo bí èèyàn ṣe ka ara ẹ̀ sí eléré tó. Tí ìwọ̀n yẹn bá ga, ó lè ran èèyàn lọ́wọ́ láti múra síṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí orúnkún bá yẹ̀ tàbí tí wọn ò tún àdéhùn ẹ̀ ṣe mọ́, ta ló kù nínú ẹni yẹn? Tópíìkì tó ṣì ní àyè nìyẹn, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lé kúrò ní akádẹ́mì kí wọ́n tó pé ogún ọdún.

Báwo ni mo ṣe máa rí eléré tó máa gbà fún mi?

Ibí gan-an ni kókó wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ò lè dédé wọ pápá, kóòṣì ló ni kọ́kọ́rọ́, òun lẹ máa kọ̀wé sí. Àmọ́ kí kóòṣì gbà, ìyẹn ò ní kí eléré ti gbà. Eléré tó ń retí kí kóòṣì mú òun fún ìdíje ọjọ́ Sátidé, tí kóòṣì kan náà bá dúró níwájú tó ní "gbogbo yín, ẹ bá akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀", báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò ṣe?

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà másítà. Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti pín ìwé ìbéèrè, igbákejì kóòṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró ni. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí wọn wò, èèyàn 22, gbogbo wọn ló ń sùn dáadáa, inú gbogbo wọn ló ń dùn, ibì kankan ò dun ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin kan ń tiro nígbà tó ń gbé ìwé tiẹ̀ bọ̀ wá fún mi. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn torí oṣù mẹ́rin ni mo fi tọrọ àyè kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọbẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ dànù. Mo padà lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn eléré fi fóònù dáhùn lálẹ́ nílé wọn, láìsí orúkọ, kó jẹ́ pé èmi nìkan ló máa rí i, kóòṣì ò sì ní mọ ẹni tó kọ àti ẹni tí ò kọ. Ohun tí mo kà lẹ́ẹ̀kejì yẹn yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru.

Torí náà, ẹ bá àwọn eléré sọ̀rọ̀ nígbà tí kóòṣì ò sí níbẹ̀. Ẹ fún wọn lọ́jọ́ díẹ̀ láti rò ó. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lè dá dúró nígbàkigbà láìṣàlàyé. Kóòṣì máa bi yín lọ́jọ́ kan, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé "ta ló ní òun ò rí oorun sùn nínú wọn?", kì í ṣe ìkà o, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ ṣèrànwọ́ ni. Ìdáhùn yín, pé ẹ ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ti gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ sí i, kó má di pé ojú ń tì yín láti sọ ọ́.

Yíyọ orúkọ nìkan ò sì tó. Nínú ẹgbẹ́ èèyàn 22, aṣọ́lé lè jẹ́ méjì péré. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "aṣọ́lé kan, ọmọ ọdún 19, sọ pé", ẹ ti dárúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ orí bíi 18 sí 24, ẹ yọ ipò tó ń gbá kúrò tí kò bá pọn dandan.

Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gba ethics approval, ìyẹn àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń wò ó kí ìwádìí má bàa pa ẹnikẹ́ni lára. Ìbéèrè lásán ni mo fẹ́ béèrè, kí ló le níbẹ̀?

Ìbéèrè lè ṣí egbò. Láti 1964 tí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé ti gbé Ìkéde Helsinki jáde ni ìlànà yìí ti wà, pé àlàáfíà ẹni tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí ẹ̀ ló ṣáájú ìmọ̀ tí wọ́n ń wá. Ẹ kọ̀wé fún ìgbìmọ̀ náà ní kíá, nítorí wọ́n lè dá a padà fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sì gbọdọ̀ gba dátà kankan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Tí àwọn eléré yín ò bá tíì pé ọdún 18, òbí sábà máa fọwọ́ sí i, ọmọ náà fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà, ẹ má fo ti ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká mú PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń lò láti wo ìsoríkọ́. Ìbéèrè kẹsàn-án inú ẹ̀ ń béèrè bóyá èèyàn ti ń rò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé kí òun kú tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Tí ẹnìkan bá ní bẹ́ẹ̀ ni láago méjìlá òru, kí lẹ máa ṣe? Tẹ́ ẹ bá ti ní kí wọ́n má kọ orúkọ, ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú ewu, ẹ ò sì mọ ẹni náà. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lókè pé àìkọ orúkọ ló jẹ́ kí àwọn eléré mi sòótọ́. Àwọn méjèèjì ń bára wọn jà, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ yàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè lo PHQ-8 tó yọ ìbéèrè yẹn kúrò. Tàbí kí ẹ fún eléré kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí onímọ̀ ìlera ọpọlọ kan tí ò sí lábẹ́ kóòṣì tọ́jú ìwé tí orúkọ wà, kó sì máa wo ìdáhùn lójoojúmọ́, kí ẹ sì ti sọ fún àwọn eléré látìbẹ̀rẹ̀ pé ìdí kan ṣoṣo yìí ló lè mú kí ẹnìkan ṣí ìwé náà. Ẹ̀yin fúnra yín kì í ṣe dókítà wọn, ẹ má dá ìtọ́jú ṣe.

Ṣé kí n lo íntáfíù ni àbí nọ́ńbà?

Ìbéèrè yín ló máa yàn, kì í ṣe ìbẹ̀rù ìṣirò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó tàbí bóyá ó yí padà, nọ́ńbà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lára ẹni tó ń là á kọjá, íntáfíù. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe íntáfíù ń tẹ̀lé ìlànà tí àwọn onímọ̀ méjì, Braun àti Clarke, kọ ní 2006 láti fa kókó ọ̀rọ̀ yọ, ó dáa, àmọ́ ẹ ka nǹkan tí wọ́n ti kọ lẹ́yìn ẹ̀ náà torí wọ́n ti tún un ṣe.

Eléré 20 péré ni mo rí. Ṣé kò kéré jù?

Gbogbo wa la ní ìṣòro yìí, ẹgbẹ́ kì í tóbi. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ tẹ̀lé èèyàn díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Eléré 20, lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyẹn ìlà dátà 1,120 tí ẹnikẹ́ni ò bá fo ọjọ́ kan. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ìlà 1,120 kì í ṣe èèyàn 1,120. Ọ̀nà ìṣirò tó mọ̀ pé ẹnìkan náà ló ń dáhùn léraléra lẹ gbọ́dọ̀ lò, ẹ lọ bá ẹni tó mọ ìṣirò kí ẹ tó gba dátà, tó bá di ẹ̀yìn ẹ̀, àtúnṣe ò ní sí mọ́.

Mi ò lówó ẹ̀rọ olówó ńlá, ṣé mo lè ṣe é bẹ́ẹ̀?

Ẹ lè ṣe é. Ọ̀kan nínú ìwọ̀n tó lágbára jù lọ fún bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe le tó, bébà àti bírò ló ń lò: ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi eléré pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe le tó lára ẹ, kí ẹ fi ohun tó sọ ṣe ìlọ́po iye ìṣẹ́jú tó lò. Ìṣẹ́jú 60, ó ní 7, ó di 420. Aago ọwọ́ tó ń ka oorun náà wúlò, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ tó bá ń sọ ìpele oorun fún yín, ó ń fojú bù ú ni, kò tó ti ilé àyẹ̀wò oorun. Ní ti ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, R, jamovi àti JASP, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Kí ló dé tí ẹ fi máa ń ní ká ṣiṣẹ́ lórí àwọn obìnrin?

Torí wọn ò kà wọ́n sí. Wọ́n yẹ ìwé ìwádìí eré ìdárayá ọdún 2014 sí 2020 wò, nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jẹ́ pé obìnrin nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìsinmi, ara ọkùnrin ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wo RED-S, orúkọ tí Ìgbìmọ̀ Olympics fún un ní 2014, tí wọ́n sì tún ìwé ẹ̀ ṣe ní 2018 àti 2023. Ìgbà tí oúnjẹ tí eléré ń jẹ ò bá tó agbára tí eré ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni, nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, egungun á rọ̀, inú á máa bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló rò pé tí nǹkan oṣù òun ò bá wá mọ́, òun ti ń ṣiṣẹ́ kára nìyẹn. Ó ń bá ọkùnrin náà jà, wọn ò kàn tètè mọ̀ ni.

Ìwádìí lórí ìgbafẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní kò níyì tó ti àwọn ọ̀jáfáfá.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Eléré tó ń gba wúrà kéré, àwa tó yẹ ká máa rìn la pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 sọ pé kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ohun tó mú ara gbóná díẹ̀, kí ọmọdé máa ṣe tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ ọ. Ìdí tí wọn ò fi ṣe é ni iṣẹ́ wà: ààbò, àkókò, ìtìjú, ibi tí wọ́n máa ti ṣe é, ẹni tó máa bá wọn tọ́jú ọmọ.

Kóòṣì ni mí fúnra mi, ṣé mo lè ṣèwádìí lórí ẹgbẹ́ mi?

Ẹ lè mọ ohun tí àjèjì ò lè mọ̀, àmọ́ agbára wà lọ́wọ́ yín lórí wọn. Ìmọ̀ràn tèmi, ẹgbẹ́ ẹlòmíì ni kí ẹ lò. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹlòmíì ṣe íntáfíù náà, kó sì yọ orúkọ kí ó tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí yín.

Báwo ni mo ṣe máa yan súpáfáísọ̀?

Ẹ bi àwọn tó ti wà lábẹ́ ẹ̀, kì í ṣe òun. Ọjọ́ mélòó ló fi ń dáhùn ímeèlì? Ṣé ó máa ń ka iṣẹ́ dé ìparí? Òkìkí dáa, àmọ́ ẹni tó máa kà á ló máa mú yín jáde.

Èmi tí mò ń ṣèwádìí àlàáfíà, àlàáfíà ti kúrò lára mi. Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn?

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀, kò sì yẹ kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ ìtàn ìrora léraléra ń wọ èèyàn lára. Ẹ má ṣe ju íntáfíù kan lọ lójúmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa bá sọ ọ́ láìdárúkọ, ẹ sì máa ṣeré yín tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tí oorun bá ti kúrò lójú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún súpáfáísọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Tíísíìsì á dúró dè yín.

Mo ti parí. Kí ni mo jẹ àwọn eléré náà?

Èsì. Kì í ṣe tíísíìsì ojú ìwé 200, wọn ò ní kà á. Ojú ìwé kan péré, lédè tí wọ́n ń sọ, kí ẹ mú un lọ fún wọn fúnra yín, kó sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ kóòṣì. Ní tèmi, lórí koríko ni mo ti kà á fún wọn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo débi tí mo ti ní ó lé ní ìdajì wọn tó ń fi ìrora pamọ́ kí wọ́n má bàa yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó fọhùn, wọ́n kàn ń wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin tó ń tiro ọjọ́sí ní kí n tún ìlà yẹn kà.